Àjíkẹ́, Máa Tú Láwàní Wọn

Rámọ́tù Àjíkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó kà á. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́tà yìí gùn, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kọ kì í mọ ibi tó yẹ kí lẹ́tà parí sí. Tíṣà ló ń bá mi kọ ọ́, Tíṣà Bọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti gba ọlidé, ó ń lọ sílé lọ́la, yóò sì gba Ìlọrin kọjá, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé òun ni yóò kọ ọ́, òun náà ni yóò gbé e dé ọwọ́ rẹ. Ó ní òun fún mi láyè títí di ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo ní kò tó. Ó ní, "Bàbá, ẹ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná." Ohun tí mo bá sọ ló ń kọ, àfi ibi tó bá ti bá mi jà. Ibẹ̀ náà, mo ní kó kọ ìjà ọ̀hún sí i.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ara mi ṣe wà. N kò ní í sọ pé a dúpẹ́ o. Mo ti fi "a dúpẹ́" sílẹ̀, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ jó ìwú ọrùn mi, ó ti lọ sílẹ̀, ó kù bí ẹyin awó. Mò ń gbé tùwó mì bí ọbẹ̀ kúkà rẹ̀ bá yọ̀ dáadáa. Mo ti rù, agbádá mi ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ọmọdé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Ọrùn máa ń ta mí nígbà mìíràn, pàápàá bí mo bá dùbúlẹ̀ sí apá òsì. Dókítà kò sọ pé yóò lọ pátápátá, kò sì sọ pé kò ní í lọ. Ó ní ká máa wò ó. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, kò sí èyí tí mo bù kù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n pè ọ́ síṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn jẹjẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní irú oògùn tí wọ́n fún mi. Ó ní o sọ pé o kò lọ. Ó ní wọ́n fún ọ títí di òpin oṣù láti dáhùn, àti pé o tilẹ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí o ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé. Ìwọ! Ìwọ tí mo rán lọ sí ọjà Babbar Kasuwa nígbà kan pé kí o bá mi ta àlùbọ́sà, tí o gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ sọ, tí o tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí o sì bá a gbé àpò náà sórí ọmọlanke! Bí o bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ihòòhò ni ìwọ fúnra rẹ yóò padà wálé.

Mo tún gbọ́ ìyókù. Láti ìgbà tí o ti padà sí Ìlọrin, ìyá rẹ ni ò ń pè, tí ò ń bi í pé "Báwo ni Bàbá?" bí ẹni pé n kò sí nínú ilé. Lọ́jọ́ kan o sọ fún un pé, "Màmá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa Bàbá mi." Mo wà níbẹ̀. Fóònù ìyá rẹ ń pariwo bíi rédíò. Mo fẹ́ dáhùn pé òkú ń gbọ́ ọ o, ìyá rẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, kí n sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó kí ọwọ́ Tíṣà tó rẹ̀: gba iṣẹ́ náà. Lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, àlàyé rẹ̀ ni.

Èkíní. O mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi gbin iṣu ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá tirẹ̀ náà gbin iṣu. Nígbà tí a dé Sókótó, bàbá mi wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu yanrìn sọ́wọ́, ó ní, "Àlùbọ́sà." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àyà rẹ̀ gbóná, mo ní n kò gbin àlùbọ́sà. Mo ní ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin ohun tí wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi irúgbìn iṣu ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Wọ́n fi ránṣẹ́. Mo kọ ebè sí ẹ̀gbẹ́ Wamakko nínú oòrùn tó ń jó orí aláǹgbá. Ebè tó ga, tó gún! Àwọn ará ibẹ̀ á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á máa wò mí. Alhaji Garba tí a jọ ń ṣe àlùbọ́sà, tí kò tíì di Alhaji nígbà náà, sún mọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Bayarabe, mutum nawa suka mutu?" Ó pè mí ní ọmọ Yorùbá, ó ń bi mí pé èèyàn mélòó ló kú. Ó rò pé sàréè ni mò ń ṣe.

Nígbà tí mo wa iṣu náà, èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Inú ìkòkò kan ni ìyá mi ti sè é tán. A jẹ ẹ́. Bàbá mi nu ẹnu, ó ní, "Ó dùn. Lọ́dún tó ń bọ̀, àlùbọ́sà."

Bẹ́ẹ̀, irúgbìn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbin ìyókù rẹ̀ sílé. Àwọn tó dé láti ọ̀hún sọ pé bí wọ́n bá gbé iṣu rẹ̀ kọjá, ajá á kúrò lọ́nà. Ṣé irúgbìn ló wá burú? Ṣé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló burú? Ilẹ̀ ni kò gbà á, Àjíkẹ́. Oògùn tí o bẹ̀ mí pé kí n gbà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Télọ̀ tó jókòó tì mí ní wọ́ọ̀dù, tí àwa méjèèjì jọ ń gba omi oògùn náà lójú kan, ìwú tirẹ̀ ti yọ́, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjà, ó ń rán babban riga. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, kò lè gbójú sókè, ojú ń tì í pé òun sàn. Mo ní, "Malam, jẹ́ kí ojú máa tì ọ́, ṣùgbọ́n bá mi dín ṣòkòtò mi kù kí o tó lọ." Ó dín in kù. Ó ṣe é dáadáa.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà, gbọ́ ọ. Yanrìn Wamakko, bàbá mi fojú ara rẹ̀ rí i. Inú ara mi, ta ló rí i? Dókítà tó kàwé títí irun rẹ̀ fi funfun ní kò sí ẹni tó lè wo aláìsàn lójú kó mọ̀ bóyá òun ni oògùn yìí yóò yí padà mọ́. Ohun tí dókítà kò lè mọ̀, ìwọ wá ń fìyà jẹ ara rẹ pé o kò mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga ni. Tíṣà ní kí n má pè é ní ìgbéraga, pé ìfẹ́ ni. Kọ méjèèjì, Tíṣà.

Èkejì. Jẹ́ ká rántí ọjọ́ tí dókítà ṣàlàyé. Ìwọ jókòó sápá ọ̀tún mi, ìyá rẹ wà lápá òsì. Ó ní Ọlọ́run fi àwọn dógarì sínú ara olúkúlùkù wa, bí àwọn tó ń ṣọ́ ààfin níbí, tí wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú kóńdó. Ó ní jẹjẹrẹ ti tàn wọ́n jẹ, ó ti wọ aṣọ ọmọ ilé, ó ń kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Oògùn yìí kì í lu olè fúnra rẹ̀, ojú àwọn dógarì ló ń là. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára! Mo ní, "Bí ojú wọn bá là tán ńkọ́?" Ó ní lára àwọn kan, wọ́n á lé olè jáde. Lára àwọn mìíràn, wọ́n á yán, wọ́n á tún sùn padà. Lára àwọn díẹ̀, ó ní kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lára àwọn àgbà àti àwọn tí ìwú wọn wà lọ́rùn bíi tèmi, ńṣe ni olè náà á máa sáré dàgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fún ní oògùn. Ó ní àwọn onímọ̀ kò tíì rí ìdí rẹ̀ délẹ̀. Ó ní bí a bá rí i pé ó ń yára wú, ká wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Èmi ni mo ní, "To, jẹ́ ká jí àwọn dógarì." Òótọ́ ni pé o ti bẹ̀ mí kí ọjọ́ yẹn tó pé, o kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ fi bó. Ṣùgbọ́n ta ló ti kúnlẹ̀ fún mi rí tí mo torí bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí n kò fẹ́? Bi ìyá rẹ. Ó ti ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé kí n yé hanrun, mo ṣì ń hanrun. Mo gba oògùn náà nítorí mo fẹ́ wà láyé. Mo fẹ́ rí àlùbọ́sà ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ jẹ jollof ìgbéyàwó rẹ. Àtàǹpàkò tí wọ́n tẹ̀ sí bébà lọ́jọ́ yẹn, tèmi ni. Má gbà á lọ́wọ́ mi. Àgbàlagbà tí kò bá lè pinnu nípa ọrùn ara rẹ̀ mọ́, kí ló tún kù fún un?

Ẹ̀kẹta. Èyí ni yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín bí o bá jẹ́ kó pa ọ́.

O padà síbi iṣẹ́ rẹ ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìgbà kejì tí mo gba oògùn, ìwú náà gbéra. Ẹyin awó tí a mọ̀ di àlùbọ́sà kékeré, àlùbọ́sà kékeré di àlùbọ́sà tí wọ́n ń kó lọ sí Èkó. Kí ni àwa ṣe nínú ilé? Inú wa dùn! Ṣé o mọ bí éèwo ṣe máa ń ṣe: bí o bá fi oògùn sí i, á kọ́kọ́ wú, á yọ orí, kó tó tú. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó ń jáde! Oògùn ti bá a níbi tó sá pamọ́ sí!" Ó ń fi òrí pa á fún mi láàárọ̀ lálẹ́, ó sì dín àkàrà ṣe sàárà fún gbogbo àdúgbò. Alhaji Garba jẹ nínú rẹ̀, ó wo ọrùn mi, ó mi orí bíi dókítà, ó ní, "Magani ya kama shi." Pé oògùn ti mú un.

Tíṣà yìí nìkan, òun nìkan nínú ilé, ló ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ fi han dókítà."

Mo ní, "Tíṣà, ṣé o ti ní éèwo rí?"

Ó ní, "Bàbá, éèwo kọ́ lèyí."

Mo ní, "Ẹni tí kò ní éèwo rí, kó jẹ àkàrà rẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí i. Àmọ́ kí o má bàa rò pé òmùgọ̀ paraku ni wá: dókítà fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà mìíràn ìwú lè kọ́kọ́ tóbi díẹ̀ kó tó sọ̀, nítorí àwọn dógarì ti kóra jọ síbẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá dógarì ló ń pọ̀ ni àbí olè. Ìdí nìyẹn tó fi ní ká wá. Àwa jókòó sílé, a ń jẹ àkàrà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. N kò fẹ́ kí o rí i nínú fóònù kí o sáré fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ni mo bá wé láwàní. O mọ bí wọ́n ṣe ń wé e níbí, kó yí àgbọ̀n ká, kó bo ọrùn, kó ku ojú àti imú. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rí mi bẹ́ẹ̀ nínú fídíò, o kígbe: "Bàbá! Wọ́n fi yín joyè ni?"

Mo ní, "Sarkin Albasa nìyí. Ọba Àlùbọ́sà."

O rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti ọjọ́ náà o kò pè mí ní Bàbá mọ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ọba níbí lo fi ń kí mi: "Ranka ya dade! Kí ẹ̀mí yín gùn! Báwo lara?" Èmi á ní, "A dúpẹ́." Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, n kò lọ, mo ní mò ń lọ tu àlùbọ́sà lóko. Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù: "Baba, ya jiki?" Ó ń béèrè ara mi. Mo ní, "Da sauki." Pé ó ti fúyẹ́. Èdè méjì ni mo gbọ́, Àjíkẹ́, mo sì fi méjèèjì bo ọrùn mi.

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni o dé. O bá mi nínú ilé, o kúnlẹ̀, o ní, "Ranka ya dade, ẹ kú ọdún!" O na ọwọ́ sí etí láwàní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wé e dáadáa, wọ́n wé e bí ẹni tí eyín ń dùn." Mo ní, "Fi sílẹ̀." O ti fà á. Ó ń tú, ò ń rẹ́rìn-ín. Ó ń tú, ò ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ẹ̀rín mọ́.

O kò sunkún. O fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, o ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní, "A dúpẹ́."

O ní, "Bàbá, n kò béèrè ìyẹn. Láti ìgbà wo?"

Àwọn èèyàn ń lọ wo ẹṣin ọdún, àwa ń lọ sí ilé ìwòsàn nínú kẹ̀kẹ́, ìwọ ń fi apá gbá mi mú ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Wọ́n ya fọ́tò inú ọrùn mi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kì í ṣe àwọn dógarì ló kóra jọ. Olè ni. Ó dá oògùn náà dúró, ó yí wa sí ọ̀nà ẹ̀rọ tó ń jó ìwú.

Nígbà tí a délé, Alhaji Garba wá kí mi. Ìwọ náà mọ̀ pé àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ bá ki kì í ṣe é tọ́jú, kíá ló ń rà. Gbogbo ayé wa la fi ń ṣà wọ́n sọ nù. Ó jókòó, ó wo ọrùn mi fún ìgbà pípẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kai. Èyí kò lè dé Èkó." Mo rẹ́rìn-ín débi pé ó dùn mí dé etí. Ìyá rẹ fẹ́ lé e jáde. Mo ní kó jókòó, pé òun nìkan ló sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà.

Gbọ́, ọmọ mi. Ohun tí oògùn ṣe, ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Ohun tí láwàní ṣe, èmi ni mo ṣe é. Kò sí ìkankan tó kàn ọ́ nínú méjèèjì, bí o tilẹ̀ ń du ìpín tìrẹ bí ẹni ń du ogún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ọmọdé lo ṣubú, o wá jókòó sílẹ̀, ò ń wo ẹ̀yìn bí arúgbó. Èmi arúgbó ni mo dìde, mò ń wo iwájú. Ta ló ń ṣe ti ta báyìí?

Ẹ̀kẹta. Tíṣà ní mo ti sọ ẹ̀kẹta. Kó pe èyí ní iye tó bá wù ú, òun nìyí ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà.

Ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn wa ni yóò pọ̀ jù níwájú rẹ. Wàá bi wọ́n pé, "Bàbá, báwo lara?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta nínú wọn á ní a dúpẹ́. Ẹni tí iná ń jó ní ẹsẹ̀, bí o bá kí i, á kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó ké fún omi. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ. Bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà. Ọ̀rọ̀ rere ni fún ẹni tó pàdé ẹni lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó bá kọ "a dúpẹ́" sílẹ̀ bí èsì, láwàní ló kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí wọn, jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, kí o wá wò wọ́n. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú gèlè yìí. Bàbá, ẹ bá mi sí fìlà. Ẹ gbé apá sókè kí n rí i." Kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́, kí wọ́n má bàa ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Bí wọ́n bá ní fi sílẹ̀, má fi sílẹ̀. Ẹbí tó bá ń pàtẹ́wọ́ pé ó ń jáde, má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ ìtàn Ọba Àlùbọ́sà fún wọn, jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, kí o wá sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí ìwú tó ń sáré, ọjọ́ náà ni kí wọ́n wá, kì í ṣe lẹ́yìn ìkórè. Mo fún ọ láṣẹ. Lo orúkọ mi bó bá ṣe wù ọ́.

N kò ní í tàn ọ́ o. Lọ́jọ́ kan, oògùn náà yóò tún yí padà mọ́ ẹnìkan lójú rẹ. Wàá tún rí ọmọ kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló bẹ bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ pé kó gbà á. Àwọn dókítà á bá a sọ̀rọ̀ fọ́tò àti ẹ̀jẹ̀. Ta ni yóò jókòó tì í tó ti dúró níbi tó dúró sí rí? Bí o bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò ń bá èèyàn ná ṣòkòtò ọmọ ọwọ́, ta ni?

Àwọn tó kù kéékèèké ni. Máa jẹun kí o tó lọ síṣẹ́. Má ra àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ ki, bó ti wù kó pọ́n tó. Bí ẹnìkan bá bú ọ ní wọ́ọ̀dù, wò ó bóyá ara ló ń ro ó kí o tó dá a lóhùn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlọrin, tí o rò pé n kò gbọ́ nípa rẹ̀, sọ fún un kó wá kí mi. Kó má wé ohunkóhun sọ́rùn bó bá ń bọ̀. Mo fẹ́ wo ọrùn rẹ̀.

Tíṣà ní ìrun ti dé tán. Ó béèrè pé kí n sọ bí yóò ṣe parí i. Mo ní kó dúró.

Àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ. Láwàní náà ló wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́, ó ti fi lúbúlúbú aró sí i kó lè mọ́, kò rùn fún òrí mọ́. Ó gùn, o mọ̀ pé ó gùn, ìwọ lo tú u. Gé ìborùn kan nínú rẹ̀, kí o fi bo orí lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí o bá máa bẹ̀rẹ̀. Èmi kò wé e mọ́. Orí mi ṣí sílẹ̀ báyìí, ọrùn mi ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń wò ó, mò ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, obì góòrò kọ̀ọ̀kan.

Bí o bá ti ka èyí tán, pè mí. Èmi ni kí o pè, má pe ìyá rẹ. Fi fídíò pè mí. Má sọ pé báwo lara. Sọ pé, "Bàbá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè." Mo ti gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Bàbá rẹ,
Ọba Àlùbọ́sà tó ti bọ́ láwàní.